Ẹyin adìẹ àgíríìkì kì í ṣe irúgbìn

Nígbàkígbà tí owó òròmọdìẹ bá ti fò sókè, ọgbọ́n kan wà tí àwọn ọlọ́sìn kéékèèké máa ń dá. Wọ́n á wo adìẹ tó ń yé lọ́wọ́ wọn, wọ́n á rí i pé ẹyin ń wọlé dáadáa, wọ́n á wá bi ara wọn léèrè ìdí tí àwọn fi ń kówó fún iléeṣẹ́ tó ń pa òròmọdìẹ, èyí tí gbogbo ọlọ́sìn ń pè ní háṣárì, nígbà tí ẹyin kún ilé. Wọ́n á fi àkùkọ mélòó kan sáàárín agbo, wọ́n á ṣa ẹyin lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sàba, ọjọ́ kọkànlélógún á pé, òròmọdìẹ á sì jáde. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ti sọ ọ́ di òwò. Wọ́n ń tà á fún ẹlòmíràn pé ISA Brown ni, tàbí pé Nera ni, ní iye tó rọjú ju ti ọjà lọ, àwọn tó ń rà á sì ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run ló fi àwọn mọ ẹni ire.

Ìṣirò náà dùn létí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó ra òròmọdìẹ kò lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọjà náà kò dára. Ó tó oṣù mẹ́rin àbọ̀ sí márùn-ún kí adìẹ tó yé ẹyin àkọ́kọ́, ó sì tún tó oṣù méjì sí mẹ́ta sí i kó tó hàn gbangba pé agbo náà kò ní dé ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dé. Kó tó dìgbà yẹn, owó oúnjẹ ti lọ, owó àjẹsára ti lọ, owó omi àti iná ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni èlé owó tí wọ́n yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kì í sábà ní owó kejì tó máa fi tún un ṣe.

Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, ẹyin á di àkùkọ. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ẹyin adìẹ àgíríìkì náà lè di àkùkọ, ó sì lè di àgbébọ̀. Ohun tí kò ní dà ni irú ìyá rẹ̀. Èyí kò ṣẹ̀yìn ọ̀nà tí wọ́n gbà bí ìyá náà, ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn tó sì ti ń ta ẹyin láti bí ogún ọdún ni ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣàlàyé ọ̀nà yìí fún rí.

Adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri àgbàlá máa ń yé bíi ẹyin 10 sí 15, á dáwọ́ dúró, á sàba, á pamọ, á sì máa kó wọn kiri. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, àpapọ̀ ẹyin rẹ̀ kì í sábà ju 40 sí 60 lọ. Adìẹ tí wọ́n ń pè ní léyà ń yé ju 300 lọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 72 láyé, bí ìtọ́jú bá pé. Ẹyin kọ̀ọ̀kan tó bíi 60 gíráàmù. Ẹni tó bá sọ ọ́ di púpọ̀ á rí i pé ẹyin tí adìẹ kan ṣoṣo yé wọn kílò 18, bẹ́ẹ̀ adìẹ náà fúnra rẹ̀ kò wọn ju nǹkan bíi kílò méjì lọ.

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló mú èyí ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá gbé adìẹ ìbílẹ̀ sínú kéèjì, tí wọ́n ń fún un ní oúnjẹ léyà láàárọ̀ lálẹ́, ẹyin rẹ̀ á pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní súnmọ́ 300. Àbùdá ló ń pinnu ibi tó lè dé, ìyẹn àwọn ìtọ́ni tíntìntín tí bàbá àti ìyá máa ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ láti inú ara wọn. Ọ̀kan lára ohun tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìran adìẹ kọ́kọ́ mú kúrò ni ìfẹ́ láti sàba. Bí adìẹ bá ti ń sàba, họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní prolactin á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ibi tí ẹyin ti ń dàgbà nínú rẹ̀ á sì súnkì. Ìran dé ìran ni wọ́n fi ń yọ àwọn tó bá fẹ́ sàba sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fi di pé léyà òde òní á yé ẹyin tán, á bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé kò mọ ohun tó já bọ́.

Àmọ́ iye ẹyin kì í ṣe ohun tí àbùdá kan ṣoṣo ń darí. Àbùdá rẹpẹtẹ ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré. Títóbi ẹyin sì rọrùn láti jogún ju iye ẹyin lọ. Adìẹ tó ń yé ẹyin ńlá máa ń sábà bí ọmọ tó ń yé ẹyin ńlá. Ṣùgbọ́n pé adìẹ kan yé 320 kò túmọ̀ sí pé ọmọ rẹ̀ á yé 320. Ó lè jẹ́ pé igun ilé tó wà ló tutù, tàbí pé ìdí oúnjẹ gan-an ni wọ́n gbé e sí. Ohun mìíràn tí wọ́n máa ń gbàgbé ni bàbá. Àkùkọ kì í yé ẹyin, bẹ́ẹ̀ ó lé díẹ̀ ní ìdajì àbùdá tí ọmọbìnrin rẹ̀ máa fi yé ẹyin tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá. Ẹni tó bá lọ mú àkùkọ kan tó rí ní ọjà Bódìjà wá sáàárín léyà, ó ti ba ìdajì ogún náà jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà borí ìṣòro yìí, inú oko àgbàdo ni wọ́n ti kọ́ ọ. Henry A. Wallace, ọmọ ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, dá iléeṣẹ́ tó ń ta irúgbìn àgbàdo àmúlùmálà sílẹ̀ lọ́dún 1926. Nígbà tó di 1936, wọ́n gbé ọgbọ́n kan náà lọ sórí adìẹ, bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ Hy-Line ṣe bẹ̀rẹ̀. Wallace yìí kan náà ló ṣe igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1941 sí 1945. Àwọn olóṣèlú tó mọ ohun tí adìẹ ń jẹ kò pọ̀ láyé. Ọgbọ́n náà ni pé kí wọ́n ya ìdílé adìẹ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n da pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran, kí wọ́n máa ṣa ìdílé kọ̀ọ̀kan fún ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n wá so wọ́n pọ̀ nígbà tó bá kan ọmọ tí wọ́n fẹ́ tà. Ọmọ tó bá ti inú irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde máa ń lókun, kì í tètè kú, ó sì lè yé ju ìyá rẹ̀ àti àwọn ìdílé tó ti wá lọ. Heterosis ni àwọn onímọ̀ ń pe agbára yìí.

Àgbẹ̀ tó ti ra irúgbìn àgbàdo àmúlùmálà rí, tó wá ṣẹ́ díẹ̀ pamọ́ nínú ìkórè láti fi gbin ti ọdún tó ń bọ̀, kò nílò àlàyé mọ́. Ó ti rí bí oko náà ṣe rí: òmíràn ga, òmíràn kúrú, òmíràn kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbó.

Léyà tó wà lọ́wọ́ ọlọ́sìn lónìí, ìdílé mẹ́rin ló sábà máa ń ti wá. Wọ́n so méjì pọ̀ láti bí bàbá rẹ̀, wọ́n so méjì yòókù pọ̀ láti bí ìyá rẹ̀. Bàbá àti ìyá yìí ni wọ́n ń pè ní adìẹ òbí. Àwọn ni háṣárì ń sìn, ẹyin wọn ni wọ́n ń pa di òròmọdìẹ tí wọ́n ń tà. Ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra wọn, tí í ṣe gbòǹgbò ọ̀rọ̀, àwọn tó ni ìran náà kì í tà á fún ọlọ́sìn. Ó dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n ń bù fún èèyàn lójoojúmọ́, tí wọn kò sì ní jẹ́ kó dé ìdí ààrò.

Yorùbá ní ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Léyà jọ méjèèjì, ó tún lé kún un. Àmọ́ bí léyà àti àkùkọ tí wọ́n jọ jáde nínú páálí kan náà bá bímọ, gbogbo ohun tí ìdílé mẹ́rin kó jọ á túká, wọ́n á sì tún un pín bí ìgbà tí wọ́n da ọmọ ayò sílẹ̀. Ọmọ kan lè bọ́ síbi tó dára, kó máa yé bí ìyá rẹ̀. Òmíràn lè mú ìfẹ́ sàba tó ti fara sin padà. Òmíràn á kàn máa jẹun ni. Ọjọ́ orí kan náà, oúnjẹ kan náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń ṣe bí èkejì. Bí àkùkọ náà bá sì jẹ́ ọmọ ìyá wọn, ẹbí ti ń fẹ́ ẹbí nìyẹn, okun ara ìran tó ń bọ̀ á tún dín kù.

Ẹlòmíràn á ní ó dáa, àwọn tó ń yé jù nínú kéèjì lòun á ṣà, ẹyin tiwọn nìkan lòun á pa. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, William Muir kíyè sí i pé adìẹ tó ń yé jù nínú kéèjì lè jẹ́ èyí tó ń ṣá ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí, tó ń lé wọn kúrò nídìí oúnjẹ. Ẹni tó bá ń ṣa irú ẹ̀, ìwà ìkà ló ń sìn. Ló bá yí i padà: kéèjì tí gbogbo ará ibẹ̀ jọ ń yé dáadáa ló ń ṣà, kì í ṣe adìẹ kan ṣoṣo. Nínú ìwádìí tó gbé jáde lọ́dún 1996, láàárín ìran mélòó kan péré, iye tó ń kú wálẹ̀ láti 68 nínú ọgọ́rùn-ún sí bíi 9, ẹyin adìẹ kọ̀ọ̀kan sì gòkè láti 91 sí 237, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gé ẹnu adìẹ náà. Irú iṣẹ́ báyìí gba àkọsílẹ̀ lórí adìẹ rẹpẹtẹ, láti ìran dé ìran. Ẹni tó ní 500 adìẹ kò lè ṣe é lẹ́yìnkùlé, kò sì sí ìtìjú kankan nínú ìyẹn.

Ibi tí àbùdá ti ń gbè sẹ́yìn ẹni tó ń ra òròmọdìẹ ni ọ̀rọ̀ àwọ̀, ó sì yani lẹ́nu pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń lò ó. Nínú ara adìẹ, krómósómù méjì ló ń sọ ẹni tó máa jẹ́ akọ àti ẹni tó máa jẹ́ abo. Àkùkọ ní Z méjì. Abo ní Z kan àti W kan. Z kan ṣoṣo tí abo ní yìí, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti gbà á. Ọmọkùnrin ní tirẹ̀ gba ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Ó wá ṣe kòńgẹ́ pé orí Z ni àbùdá tó ń mú ìyẹ́ pupa tàbí funfun wà, funfun sì máa ń borí pupa. Àwọn tó ń ṣe ISA Brown àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á mú àkùkọ pupa, irú Rhode Island Red, fún abo tó ń gbé àbùdá funfun. Àwọn ọmọbìnrin á gba pupa bàbá, wọ́n á jáde ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú. Àwọn ọmọkùnrin á gba funfun ìyá mọ́ ọn, wọ́n á jáde ní funfun tó fẹ́ jọ yẹ́lò. Ọjọ́ tí wọ́n bá jáde gan-an ni wọ́n ti ń yà wọ́n, kò gba kí ẹnikẹ́ni tú ìdí wọn wò. Ti Nera àti Harco dúdú, abilà ni ìyá, pupa ni bàbá. Èyí tó bá ní àmì funfun lórí nínú àwọn ọmọ, akọ ni.

Ní ilẹ̀ Jámánì, pípa ni wọ́n máa ń pa àwọn akọ yìí lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde, títí tí ìjọba ibẹ̀ fi fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2022. Ní Nàìjíríà, ọjà gidi ni wọ́n. Àwọn ni àkùkọ tí wọ́n ń sìn de Kérésì àti Ìtúnu Ààwẹ̀. Lórí èyí, àwọn ọlọ́sìn ilẹ̀ yìí ti gbọ́n ṣáájú Jámánì.

Ohun tó yẹ kí ọlọ́sìn dì mú ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àrà yìí ń ṣiṣẹ́. Bí léyà pupa bá bímọ fún àkùkọ funfun tí wọ́n jọ jáde, ìdajì àwọn ọmọbìnrin á pupa, ìdajì á funfun, bákan náà ni àwọn ọmọkùnrin. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé páálí dé, tó ní abo ISA Brown ni gbogbo wọn, tí ọlọ́sìn sì ṣí i tó bá funfun àti pupa tí wọ́n dà pọ̀, nínú nǹkan méjì ló máa jẹ́ ọ̀kan: bóyá akọ ti kó wọ inú wọn, tàbí kó jẹ́ ọmọ léyà ni. Bí ẹni tó pa wọ́n bá gbọ́n díẹ̀, á fi àkùkọ pupa sáàárín léyà pupa. Gbogbo ọmọ á pupa, akọ àti abo. Ìyẹn burú jù, torí ojú kò lè yà wọ́n lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọlọ́sìn á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ogbe ń yọ lórí bíi ìdajì àwọn tó ń bọ́ ní oúnjẹ olówó ńlá.

Owó ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, owó náà sì ṣeé kà. Oúnjẹ ló ń gba bíi 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń ná lórí adìẹ tó ń yé. Léyà kan ń jẹ bíi 115 gíráàmù lójúmọ́. Adìẹ 500 á jẹ kílò 57 àbọ̀, ìyẹn àpò oúnjẹ oníkílò 25 méjì àti díẹ̀ lórí kẹta, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ yìí, adìẹ ń fi gbé ara rẹ̀ ró ni. Ìyókù ló ń di ẹyin. Ìdí nìyí tí adìẹ tó ń yé 200 kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun kéré sí èyí tó ń yé 300. Bí 500 adìẹ bá yé 300 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyin 150,000 nìyẹn, kíréètì 5,000. Bí wọ́n bá yé 200, kíréètì 3,333 ni. Nǹkan bíi kíréètì 1,667 ló ti lọ, láìsí olè, láìsí àrùn. Kí ọlọ́sìn fi iye tó ń ta kíréètì kan ládùúgbò rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó rò pé òun fi pamọ́ lọ́jọ́ tó ra òròmọdìẹ 500 tó rọjú. Kò tiẹ̀ yẹ kí wọ́n máa fi méjèèjì wé ara wọn.

Ewu kan tún wà tí kì í ṣe ti àbùdá, àmọ́ tó máa ń tẹ̀lé irú òròmọdìẹ bẹ́ẹ̀ wọlé. Háṣárì tó mọṣẹ́ ń fún adìẹ òbí ní àjẹsára kí ọmọ lè mú ààbò díẹ̀ wá láti inú ẹyin, pàápàá lórí Gumboro. Ọjọ́ tí òròmọdìẹ bá jáde ni wọ́n ń gún un fún àrùn Marek, nítorí abẹ́rẹ́ tó bá pẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ kan náà mọ́. Wọ́n tún ń yẹ ẹ̀jẹ̀ adìẹ òbí wò fún àwọn àrùn tó ń gba inú ẹyin ran ọmọ. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ kékeré pa ẹyin nínú yàrá ẹ̀yìn kì í sábà ṣe èyíkéyìí. Marek kì í sì í tètè fara hàn. Ó lè dúró di ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ẹsẹ̀ á rọ, adìẹ á máa rù, wọ́n á sì máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ta òròmọdìẹ ti gbàgbé orúkọ oníbàárà rẹ̀ nígbà náà, oníbàárà á sì máa wá ẹni tó ṣe òun.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àwọn háṣárì ńlá náà kò lẹ́bi. Èyí tó bá ń sọ fún ènìyàn pé òròmọdìẹ òun á yé 320, tó sì dákẹ́ síbẹ̀, kò sọ òótọ́ tán. Iye tó wà nínú ìwé àwọn tó ni ìran náà, fún adìẹ tí oúnjẹ, omi, ìmọ́lẹ̀ àti ìtura rẹ̀ pé ni. Ooru ibi tó bá léyà lára mu kò ju bíi 18 sí 24 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìbàdàn nínú oṣù kẹta kọjá ibẹ̀ dáadáa. Wọ́n máa ń sọ pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Òwe náà dára, àmọ́ adìẹ kò lè làágùn. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló ń fi tu ara rẹ̀ lára. Bó ti ń mí bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tó ń jẹ á dín kù, ohun tó yẹ kó fi ṣe èèpo ẹyin á dín nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹyin á sì máa fọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ alágbàtà. Ti ìmọ́lẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Léyà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí 16 lójúmọ́ nígbà tó bá ń yé; oòrùn Nàìjíríà kì í ju bíi wákàtí 12 lọ. Ẹni tí kò bá fi iná kún un, kò lè rí gbogbo ohun tó sanwó rẹ̀ nínú àbùdá gbà.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti ibi tí àwọn adìẹ òbí ti ń wá. Èyí tó pọ̀ nínú léyà àgbáyé, ọwọ́ iléeṣẹ́ méjì ni ìran wọn wà: Hendrix Genetics ti ilẹ̀ Netherlands, tó ni ISA Brown, àti EW Group ti Jámánì, tó ni Lohmann àti Hy-Line. Owó òkèèrè ni háṣárì fi ń ra adìẹ òbí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà láti dá iye rẹ̀, kò sí ẹni tó ra òròmọdìẹ tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àìsàn náà lè dí ọ̀nà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn lukúlukú burúkú H5N1 láàárín adìẹ nílẹ̀ Áfíríkà, lóṣù kejì ọdún 2006, ó sì tún padà wá lọ́dún 2015.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ yìí kò ní ọlọ́gbọ́n. Ní Shika lẹ́bàá Zaria, iléeṣẹ́ ìwádìí ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn, NAPRI, ṣe Shika Brown. Ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀, FUNAAB, ṣe FUNAAB Alpha. Ní Awẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, iléeṣẹ́ Amo ń ta Noiler, tó wà fún ẹran àti ẹyin. Nínú adìẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n ti rí abọ́lọ́rùn, tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àti aṣa, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè. Àwọn ọmọdé fi ń ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n àbùdá méjèèjì yìí ń jẹ́ kí ooru jáde lára adìẹ. Owó tí ìjọba ń ná lórí ìpolongo àgbẹ̀ lọ́dọọdún, ibí ló yẹ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ máa lọ, fún ogún ọdún láìdáwọ́ dúró, nítorí ìran adìẹ kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń parí láàárín ìbò méjì. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tan ọlọ́sìn tó ń ta kíréètì jẹun. Bó ṣe rí lónìí, Noiler àti FUNAAB Alpha wà fún ẹni tó fẹ́ ẹran àti ẹyin díẹ̀ nínú ilé. Wọn kò tíì lè gba ipò léyà nínú kéèjì.

Títí wọ́n á fi dé bẹ̀, ohun kan wà tí kò gba owó òkèèrè. Òfin irúgbìn tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019 fi ìyà lélẹ̀ fún ẹni tó bá ń ta ayédèrú irúgbìn fún àgbẹ̀. Òròmọdìẹ náà ń fẹ́ irú ààbò bẹ́ẹ̀. Kí orúkọ ìran adìẹ wà lára páálí, kí orúkọ háṣárì wà níbẹ̀, oko tí adìẹ òbí wà, ọjọ́ tí òròmọdìẹ jáde, àti bóyá wọ́n ti gún un fún Marek. Kí rìsíìtì bá a rìn, nítorí páálí ṣeé ṣà lórí ààtàn kí wọ́n tún un lò. Àwọn háṣárì kan á ní ìnáwó ni. Ìnáwó wo? Bébà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò omi náà ni. Àwọn tó ń ṣe òtítọ́ gan-an ló máa jèrè rẹ̀ jù, torí àwọn ni ayédèrú ń bà lórúkọ jẹ́.

Kò sì gba kí wọ́n dúró de Abuja. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn adìẹ, PAN, ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀. Ọ̀yọ́, Ògùn àti Ọ̀ṣun lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀: aṣojú háṣárì tí páálí rẹ̀ kò bá ní orúkọ lára, kí wọ́n má gba owó ìdókòwò ọmọ ẹgbẹ́ kankan fún un, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó bá ní i sára ògiri gbọ̀ngán ìpàdé, níbi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti lè kà á kó tó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.